Bọ́ọ̀lù tó wọlé nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n akọ́nimọ̀ọ́gbá

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lójú ìwé eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí bí àwa òǹwòran bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n, àti àwọn akọ̀ròyìn pẹ̀lú, ṣe ń dájọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́yìn timeout, ìyẹn ìdádúró díẹ̀ tó máa ń bèèrè láti fi bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá fa ìlà sórí pátákó ọwọ́ rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù sì wọlé, a ó ní ọlọ́gbọ́n ni. Bí kò bá wọlé, ó di òpè. Lójú tèmi, àyè tí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù rí ló yẹ ká fi wọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, torí ìyẹn ló wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ìdíje Cleveland Cavaliers àti Chicago Bulls nínú NBA, líìgì bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà, ti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1989. Bulls ń fi ayò kan síwájú, 99 sí 98, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 6, nígbà tí Lenny Wilkens ti Cleveland bèèrè timeout. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Craig Ehlo ló ju bọ́ọ̀lù wọ pápá fún Larry Nance, ó sáré gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sínú àwọ̀n láti ìdí rẹ̀ gan-an. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 3. Doug Collins náà bèèrè timeout fún Chicago, Brad Sellers ju bọ́ọ̀lù sí Michael Jordan, Jordan àti Ehlo jọ fò sókè, Ehlo kọjá lọ, Jordan ṣì wà lófuurufú kó tó jù ú: 101 sí 100. Ti Jordan yìí ni gbogbo ayé ń sọ títí dòní. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wá àyè tó rọrùn jù fún ọmọ rẹ̀, Wilkens tó fìdí rẹmi ni. Collins gbé bọ́ọ̀lù lé Jordan lọ́wọ́, ọgbọ́n nìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mélòó nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ní Jordan?

Àwọn kan á ní ká ka iye ayò tí ikọ̀ ń jẹ lẹ́yìn timeout, ká fi wé ti ìgbà yòókù. Ó dára, àmọ́ lẹ́yìn timeout, àwọn alátakò náà ti sinmi, wọ́n ti tò sílé, akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwọn náà ti bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni yóò já gbà, tí yóò gbé sáré lọ jẹ lófo. Nítorí náà, ìgbà tí alátakò ti tò sílé nìkan ló yẹ ká fi wé e. Timeout 7 péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nínú ìdíje NBA, apá kan nínú wọn sì wà fún ìpolówó tẹlifíṣọ̀n, èyí tó fi hàn pé ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Pátákó náà kọ́ ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2016, nígbà tí ikọ̀ yunifásítì Villanova àti ti North Carolina wà ní 74 sí 74, tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 4.7, ohun tí àwọn ọmọ Jay Wright, akọ́nimọ̀ọ́gbá Villanova, ti ń fi dánra wò tipẹ́ ni wọ́n ṣe lẹ́yìn timeout. Kris Jenkins ju bọ́ọ̀lù wọ pápá, Ryan Arcidiacono gbé e sáré, ó sì dá a padà fún Jenkins, tó fi ayò mẹ́ta parí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọ pápá náà ló tún jẹ ẹ́, bíi ti Ehlo. Òun ni àwọn tó ń ṣọ́nà máa ń gbójú fò.

Ọgbọ́n mìíràn sì wà tí àkọsílẹ̀ timeout kò lè gbé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Ime Udoka, akọ́nimọ̀ọ́gbá Boston nígbà náà, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà rí, ní timeout lọ́wọ́ nígbà tí Boston ń bá Brooklyn fà á, kò sì pè é. Kí Brooklyn tó tò, Marcus Smart ti fún Jayson Tatum ní bọ́ọ̀lù, ó yí po, ó jẹ ẹ́ bí aago ṣe ń dún: 115 sí 114.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé bí ẹ bá tún ń kọ̀wé nípa akọ́nimọ̀ọ́gbá Rena Wakama àti D'Tigress, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn timeout fún wa: ta ló ju bọ́ọ̀lù wọ pápá, ta ló dínà fún alátakò, ibo ni ẹni tó jù ú sáwọ̀n dúró sí, ṣé ẹnikẹ́ni sì wà níwájú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.