Bọ́lá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Kẹ́hìndé nìyí

Ilé-Ifẹ̀

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Kánádà? Àárò rẹ ń sọ wá gan-an ní Lágere níbí. Màámi ní kí n kí ọ, Ṣadé ti bí obìnrin, iná sì ti padà sí àdúgbò wa. Ó tán, ìyókù di ìgbà mìíràn, torí ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé kò ṣeé dá dúró.

Kò fẹ́ kó o gbọ́ torí kó o má baà dààmú. Wọ́n ti lé e ní ilé búrẹ́dì tó wà ní Iléṣà yẹn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, ọ̀gá dúró sí ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀, ó ní àpò fúláwà mẹ́ta ti dín, kó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó máa lọ. Kò sí kúẹ́rì, kò sí lẹ́tà. Owó oṣù Karùn-ún kò tíì wọlé lọ́jọ́ náà, kò sì tíì wọlé títí di òní. Àfi bí wọ́n ṣe pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó wá gba 60,000 náírà, kó sì fọwọ́ sí ìwé kan tó ní òun ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ òun, wọn kò jẹ òun ní kọ́bọ̀ mọ́.

Inú bí mi, Bọ́lá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló ni wọ́n fẹ́ fi 60,000 lé dànù!

Bá mi ṣírò rẹ̀. 90,000 ni owó oṣù rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Ti oṣù Karùn-ún, 90,000. Ọjọ́ 18 nínú oṣù Kẹfà, 54,000. Ó ti lo ọdún méjì àti oṣù méje níbẹ̀, Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, sì ní ẹni tó bá ti pé ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣáájú kí wọ́n tó dá a dúró, nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu lásán. (Ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, bó bá ti pé márùn-ún, oṣù kan.) Bí ọ̀gá ò bá fẹ́ rí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, kó san owó rẹ̀: 41,538 (owó ọdún kan tá a pín sí ọ̀sẹ̀ 52, ní ìlọ́po méjì). Ìsinmi ọdọọdún náà tún wà ńbẹ̀. Ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni òfin ní kí òṣìṣẹ́ gbà lọ́dún, ẹni tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí ìsinmi ti tọ́ sí i kẹ́yìn yóò gba ìpín tirẹ̀ lówó. Ti oṣù méje, ìyẹn ìdá méje nínú méjìlá owó ọ̀sẹ̀ kan, jẹ́ 12,115. Kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, 197,653 náírà ni.

Wọ́n á ní àwọn ti yọ owó fúláwà. Wọn ò lè dá a yọ. Òfin kan náà kọ̀ kí ọ̀gá bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́. Bí ọjà bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù nítorí pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé kò bójú tó o, àfi kí ọ̀gá kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ká tiẹ̀ ní wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé ó jalè, owó ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Owó ọjọ́ tó ti fi òógùn ojú ṣiṣẹ́ kò lè bọ́.

Mo tún gbọ́ pé akọ̀wé wọn ní kó kọ lẹ́tà pé òun ló fúnra òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, “kí orúkọ rẹ̀ má baà bàjẹ́.” Ẹ̀tàn ni o! Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kúrò kò lè béèrè owó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n tiẹ̀ lè ní òun ló jẹ àwọn. Wọ́n fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á pẹ̀lú, pé kó yéé béèrè owó. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò fàyè gbà á kí wọ́n mú èèyàn torí àríyànjiyàn owó iṣẹ́ lásán. Bí wọ́n bá wá fi ẹ̀sùn olè kàn án lóòótọ́, kó má dá lọ sí àgọ́, kó má sì fọwọ́ sí ohunkóhun láìsí lọ́yà.

Ti pẹ́ńṣàn: wọ́n ń yọ ọ́ lóṣooṣù, ó wà nínú páyísílíìpù rẹ̀. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀, ilé iṣẹ́ á fi ìdá 10 kún un, kí gbogbo rẹ̀ sì dé àkáǹtì pẹ́ńṣàn rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá san owó oṣù. Mo ní kó gba sítétímẹ́ǹtì. Oṣù tí kò bá sí níbẹ̀, kó fi tó PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn, létí.

A ti jọ kọ lẹ́tà tá a fi ń béèrè owó náà, a ṣe é ní ẹ̀dà méjì, iye kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, a sì fún wọn ní ọjọ́ 14. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tàbí kí wọ́n kọ déètì sára ẹ̀dà tó máa mú padà. Bí wọ́n bá kọ̀, ká fi kúríà ránṣẹ́, ká tọ́jú rìsíìtì. Bí wọn ò bá dáhùn, ó di ọ́fíìsì Ministry of Labour ní Òṣogbo. Wọ́n á pe tọ̀tún tòsì jókòó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti máa ń sanwó, torí wọn ò fẹ́ kí ìjọba wá yẹ ìwé àwọn tó kù wò. Bí ibẹ̀ kò bá yanjú ẹ̀, National Industrial Court ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, Legal Aid Council sì lè bá ẹni tí kò lówó lọ́yà rojọ́.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kó o máa retí ni pé kí wọ́n dá iṣẹ́ náà padà fún un. Òṣìṣẹ́ yunifásítì ìjọba bíi OAU tí òfin gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró lè rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà padà nílé ẹjọ́, bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Èkó ṣe rí tiwọn gbà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1985. Ilé ẹjọ́ kì í sábà fipá mú ọ̀gá aládàáni. Owó ni kó lé.

Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa fọwọ́ sí ìwé 60,000 yẹn. Owó ilé ti tó san, ìyàwó rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Jọ̀ọ́, pè é lálẹ́ òní, ó máa ń gbọ́ tìrẹ ju ti Táyé lọ. Sọ fún un pé bí wọ́n bá fẹ́ san 60,000, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó kọ nǹkan, kó kọ ọ́ pé apá kan owó òun ni òun gbà, kó fi iye àti déètì sí i, kó má kọ jù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ wà nínú fáìlì ní sítọ́ọ̀, wọn ò jẹ́ kó wọlé mú un. Ṣùgbọ́n ó ya á ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp lọ́jọ́ tó gbà á. Bá mi wá a. Bí wọ́n bá kọ oṣù kan síbẹ̀ dípò ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan ni wọ́n máa san, a ó sì tún ìṣirò náà ṣe. Fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì kó má baà ṣú, ojú ìwé méjèèjì, kó tó di Ọjọ́ Ajé.

Èmi ni,
Fúnkẹ́