Lẹ́tà sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Sáà Kìíní àti Ọ̀rọ̀ Àṣálẹ́ Orin Wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Gbogbo olùkọ́ ilé-ìwé wa ní Ṣàgámù ní kí n kí yín.

Ìdánwò sáà yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Ìsinmi Kérésì, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá. Ìṣirò JSS 2 kò dáa rárá. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin ti di títúnṣe. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mú fóònù wá mọ́: méje ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí.

Ẹgbẹ́ onílù wa ń ṣe bẹbẹ! Nígbà tí mo dé ibí, ìlù méjì péré la ní, awọ ọ̀kan sì ti ya. Lónìí, a ní dùndún mẹ́fà, gúdúgúdú kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti ń fi ìyáàlù pe orúkọ ẹni tó bá pẹ́ dé láàárọ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn apẹ́lẹ́yìn ti dínkù?

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni àṣálẹ́ orin tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá. A kò ṣàdédé mú ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Paris lọ́dún 1948. Abala 30 ló ní. Abala 26, tó ní gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́, ni SS 2 sọ di orin. Owó tó bá wọlé, ìwé, yunifọ́ọ̀mù àti bàtà ni a ó fi rà fún àwọn ọmọ àdúgbò tó ti kúrò nílé-ìwé.

Àwọn kan ní ọgbọ́n àtifi kún owó ilé-ìwé ni tíkẹ́ẹ̀tì ₦1,000 yìí. Rárá o. Owó ilé-ìwé kò fi kọ́bọ̀ kan lé. Ẹni tí kò bá fẹ́ rà á, kó má rà á. A kò ní bi ọmọ rẹ̀ léèrè. Akápò ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni yóò gba owó, a ó sì lẹ ìṣírò rẹ̀ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà.

Ti eré oníṣe tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ní àṣálẹ́ náà ló wá le jù. Ẹnì kan ya fídíò ìdánrawò, ó gbé e sórí WhatsApp. Nínú eré náà, ọmọ ọ̀dọ̀ kan ru gàrí kọjá lẹ́bàá ilé-ìwé, ó gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka A-B-D. Ó sọ bàsíà kalẹ̀, ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ tẹ̀lé wọn, títí ọ̀gá rẹ̀ fi pariwo orúkọ rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kan pè mí ní aago márùn-ún ìdájí pé àwọn ni a ń bú. Bàbá, a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ló ro eré náà fúnra wọn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti sọ di tirẹ̀, kò fẹ́ kí ọmọdé máa kiri ọjà. Ṣé Rẹ́mọ níbí, níbi tí wọ́n ti bí Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, tí Tai Solarin sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ni a ti máa fi èyí pamọ́?

Ìyá kan tún ní a ń kọ́ ọmọ òun ní àfojúdi, pé ó ní ẹ̀tọ́ òun ni kí wọ́n má bá òun wí. Mo pe ọmọ náà. Abọ́ ni kò fọ̀. Mo ní kó padà sílé lọ fọ abọ́.

Mo ti ní kí wọ́n yọ orúkọ ìlú tí wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ náà ti wá, torí ẹjọ́ tí àwọn kan rò lórí ìyẹn tọ́. Eré náà kò ní yọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ó bẹ̀rẹ̀, a ó parí ní méje.

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ẹni tó bá ní bàsíà tánganran tó ti gbó, kó jọ̀wọ́ fi rán ọmọ wá. Ti ilé ìdáná wa ni wọ́n ń lò, ìyá olóúnjẹ sì ti ń bínú.