Àdùkẹ́, má tíì fọwọ́ sí ìwé owó yẹn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Àbúrò rẹ ló wá tú u sí mi létí pé o fẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Peckham ní London, kí o yá £15,000 láti fi polówó aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ̀rù gbèsè yẹn ń bà mí.

Wọ́n ní o sọ pé àìmọ íntánẹ́ẹ̀tì lò ló pa Debenhams, ilé ìtajà ńlá Britain yẹn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Nígbà tí Boohoo, àwọn tó ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ra orúkọ àti ìkànnì wọn ní £55 mílíọ̀nù ní January 2021, nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ìgbà ni àwọn èèyàn ń ṣí ìkànnì yẹn lọ́dún. Nígbà yẹn, ó wà lára mẹ́wàá tí èrò ń wọ̀ jù nínú ìkànnì ọjà gbogbo ní Britain. Èrò pọ̀, owó ò sí. Àwọn olówó tó rà á ní 2003 ti di gbèsè rù ú. Ní 2005 wọ́n ta ilé ìtajà 23 ní £495 mílíọ̀nù, wọ́n wá di ayálégbé nínú ilé ara wọn pẹ̀lú àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ. Ọjà dẹ̀, owó ilé ò dẹ̀.

Primark tó ń ta aṣọ pọ́ọ́kú ńkọ́? Wọn kì í gbé aṣọ lọ bá oníbàárà nílé. Láti 2022 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn sanwó lórí ìkànnì, kó wá gbé ẹrù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, ní ọdún ìṣúná 2024, ọjà tí wọ́n tà tó £9.4 bílíọ̀nù, èrè ibẹ̀ sì tó £1.1 bílíọ̀nù. Aṣọ £5 ò lè gbé owó ìfiránṣẹ́. Òótọ́ ni pé ìsémọ́lé 2020 gbá wọn mú: láti £650 mílíọ̀nù lóṣù, ọjà wọn di òfo. Mi ò ní kí o má tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ mi. Next, ilé iṣẹ́ aṣọ mìíràn, ń tà níbẹ̀, ó ń jèrè, àmọ́ láti 1988 ni wọ́n ti ń fi ìwé àwòrán tajà, tí wọ́n ti ní ilé ìkẹ́rù àti ọ̀nà tí ẹrù ń gbà délé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ ti wálẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti so.

Mú bírò. Ká ní ọ̀pá ànkárá márùn-ún jẹ́ £35, owó ìfiránṣẹ́ wà nínú rẹ̀. O rà á ní £18, ìfiránṣẹ́ £4, páálí £1, owó káàdì 73p, ìpolówó tó mú oníbàárà kan wá £9. Ó ku £2.27. Bí ẹni mẹ́wàá bá rà á, tí méjì dá a padà, mẹ́jọ yòókù mú £18.16 wá. Ṣùgbọ́n òfin Britain ní kí o dá gbogbo £35 padà, tó fi mọ́ owó ìfiránṣẹ́, bí wọ́n bá ti sọ láàárín ọjọ́ 14. Bí o bá tilẹ̀ rí aṣọ náà tún tà, £14.73 ìfiránṣẹ́, páálí, káàdì àti ìpolówó ló ṣòfò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, £29.46 lórí méjèèjì. O ti pàdánù £11.30, o sì fẹ́ fi owó èlé ṣe é! Bí ìpolówó bá jẹ́ £4 péré, £38.70 lo jèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe iye àwọn tó ń tẹ̀lé ọ lórí Instagram.

Ìwé ìṣirò ẹlòmíràn ni mo fi ọjọ́ ayé mi tò, mi ò jókòó ti tìrẹ nígbà tí o ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn mí. Bóyá ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn.

Àwọn tí o fẹ́ fara wé, wá ìṣirò wọn ní Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ìṣirò wọn sí, ọ̀fẹ́ ni. Wo owó tí òwò fúnra rẹ̀ mú wọlé, gbèsè, àti owó ilé tó ṣì wà lọ́rùn wọn. Ìṣirò ilé iṣẹ́ aládàáni lè pẹ́ tó oṣù mẹ́sàn-án, nítorí náà ọdún kan náà ni kí o fi wé èrò orí ìkànnì wọn.

Kọ ọ̀nà tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbà wá sínú ìwé. Àwọn tó ti rà rí ni kí o kọ́kọ́ fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí, wọn ò gba owó ìpolówó. Fi ìṣirò oṣù mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Gbé ìpè mi, Àdùkẹ́ òkín.

Ìyá rẹ