Àjọkẹ́, ẹ yọ hítà yẹn kúrò nínú balùwẹ̀

Àjọkẹ́ mi, ẹ kú ọyẹ́ o. Mo rí fídíò tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo ti wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, inú mi dùn pé omi gbígbóná ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ láìṣe pé ò ń gbé kẹ́tùlù kiri bíi tèmi, iná NEPA tiyín náà ò kúkú ṣeé gbára lé, àmọ́ nígbà tó o gbé fóònù sún mọ́ hítà yẹn mo dá fídíò dúró síbẹ̀, ohun tí mo rí ò jẹ́ kí n sùn mọ́jú. Mi ò pè ẹ́ torí mo mọ̀ ẹ́, tí mo bá pè, wàá ní "ẹ̀ẹ́n Mọ́mì, mo ti gbọ́", ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìwé lo máa kà.

Balùwẹ̀ kóńkó yẹn, ibi tẹ́ ẹ ti ń wẹ̀ gan-an ni wọ́n kan hítà gáàsì mọ́ ògiri, mi ò rí páìpù kankan lórí ẹ̀ tó ń gbé èéfín iná ẹ̀ jáde síta. Fèrèsé kékeré tó wà lókè, ẹ ti fi àpò sìmẹ́ńtì dí i, mo mọ̀ pé nítorí òtútù ni. Iná inú gíláàsì kékeré yẹn wá ńkọ́? Pupa rúsúrúsú ló ń jó. Búlúù ló yẹ kí iná gáàsì máa jó, tó bá ti ń pọ́n, àbí tó ń kó ẹ̀gbin dúdú sára hítà, kò rí atẹ́gùn tó nìyẹn.

Jos tó o wà yẹn, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi bá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ yòókù lọ ṣòwò níbẹ̀, ọjà Terminus ló ti ń ta aṣọ. Ọyẹ́ ibẹ̀ nígbà yẹn, súwẹ́tà méjì la fi ń sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan màmá mi gbé àdògán eléèédú wọ yàrá wa, èédú ti pọ́n dáadáa, kò rú èéfín rárá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n tún fi ìró dí abẹ́ ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú, mo ní kí n dìde, ẹsẹ̀ ò gbé mi, àbúrò mi ti bì sára, à ń pè é kò dáhùn. Bàbá mi tó sùn sí pálọ̀ ló já ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n wọ́ wa síta lọ́kọ̀ọ̀kan, orí sìmẹ́ńtì iwájú ilé nínú òtútù lojú wa ti là. Gbogbo àdúgbò ní ayé ló ń bá wa jà, wọ́n tiẹ̀ ní ká ra ewúrẹ́. Mo ti bí ẹ̀gbọ́n ẹ kí nọ́ọ̀sì kan tó là mí lóye pé èédú ni.

Ohun tó fẹ́ pa wá lọ́jọ́ yẹn náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tí wọ́n wá lọ sùn. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Èédú o, gáàsì o, bẹntiróòlù o, igi o, ohunkóhun tó bá ń jó tí atẹ́gùn ò tó o, òun ló máa ń tú jáde. Kò ní àwọ̀, kò rùn, kò tani lójú. Òórùn gáàsì tí a máa ń gbọ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni ká lè mọ̀ tó bá ń jò, tí gáàsì bá ti ń jó, òórùn náà ti jóná pẹ̀lú ẹ̀, torí náà má sọ fún mi pé o ò gbọ́ òórùn kankan. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé ọ́síjìn kiri ara, májèlé yìí ló máa dì mú, ó sì ń dì í mú ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bí ibà ló máa ń ṣe èèyàn: orí fífọ́, òòyì, èébì, kó rẹni.

Àjọkẹ́, o sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé tí Tìmí bá ti wẹ̀ tán orí máa ń fọ́ ọ, o ní o ti fún un ní oògùn ibà. Ibà wo ló ń dé lẹ́yìn ìwẹ̀ tó sì ń lọ tọ́mọ bá ti jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù?

Nítorí náà, lónìí, ẹ pa á níbi sílíńdà. Ẹ padà sí kẹ́tùlù ná, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé kíṣìnnì tẹ́ ẹ bá ń gbé omi kaná. Ẹ pe púlọ́ḿbà kó wá tú hítà yẹn, kó kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé níta, lábẹ́ ibi tí òjò ò ti ní pa á, kí páìpù omi gbígbóná nìkan wọlé. Ó máa ní páìpù á gùn, owó á pọ̀, omi ò ní tètè gbóná. Kó gùn. Tó bá ní bóun ṣe ń kàn án ní gbogbo ilé nìyẹn tẹ́nì kankan ò kú, bi í bóyá ó padà lọ wò wọ́n.

Tí ọkọ ẹ bá taku pé inú ilé ló máa wà (kí n jẹ́ kó mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún un o, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn), àfi kí wọ́n ra èyí tó ní páìpù tó ń gbé èéfín yọ sí ìta pátápátá, kó má sì sí nínú balùwẹ̀ náà ni. Kí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé wà níbẹ̀, ihò tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àkísà dí tọ́yẹ́ bá dé. Kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún fáànù tó ń fa atẹ́gùn jáde, ó lè fa èéfín yẹn padà wálé. Sílíńdà náà, ìta ni, torí gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ, tó bá jò nínú ilé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa rá gọ̀ sí títí iná á fi kàn án. Ẹ máa fi ìfófòò ọṣẹ pa ojú họ́ọ̀sì, tó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i, àmọ́ tẹ́nì kan bá pẹ́ jù ní balùwẹ̀ tí kò dáhùn, ẹ já ilẹ̀kùn, ẹ wọ́ ọ síta gbangba, ẹ pa gáàsì, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, inú ẹ̀jẹ̀ ni májèlé yìí wà, kò sí nínú ikùn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ ní London ní láti October 2022 ni wọ́n ti sọ ọ́ dòfin fáwọn onílé tó ń gba ayálégbé ní England pé yàrá tí hítà gáàsì bá wà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi aláàmù carbon monoxide síbẹ̀. Ó kó méjì wálé lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi. Kì í ṣe aláàmù gáàsì tó ń jò o, wọ́n yàtọ̀ síra. Mo ti fi èkejì rán dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ ní Jos lọ́jọ́ Fúráìdéè, inú àpò èlùbọ́ ló wà, mo fi aṣọ wé e, bátìrì ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀. Ẹ gbọn èlùbọ́ ara ẹ̀ dànù dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́, tẹ bọ́tìnnì iwájú ẹ̀ kó dún, kó o ká a sílẹ̀ kí n gbọ́.

Màmá ẹ