Ẹ Bá Wa Kọ Gíga Omi Náà Pẹ̀lú

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkígbà tí ìjì líle bá ti orí òkun ń bọ̀, "ìpele kẹta", "ìpele karùn-ún" ni àkọlé máa ń pariwo. Eré afẹ́fẹ́ nìkan ni ìpele yẹn ń wọ̀n, láti ìkíní dé ìkarùn-ún tó le jù. Kò sọ nǹkan kan nípa omi, bẹ́ẹ̀ omi ló ń pa èèyàn jù létí òkun.

Ẹ wo ìjì Katrina ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005. Ìpele kẹta ló wà nígbà tó kan etíkun Mississippi. Camille tó jà níbẹ̀ lọ́dún 1969 wà ní ìpele karùn-ún, ọ̀pọ̀ tó sì móríbọ́ lọ́wọ́ Camille fìdí mọ́lé, wọ́n ní èyí kò lè le tó tìyẹn. Omi ga ju mítà 8 lọ ní Pass Christian, ìlú kan létíkun náà. Katrina fẹ̀ ju Camille lọ, ó sì ti wà ní ìpele karùn-ún lórí agbami lọ́jọ́ tó ṣáájú, ibẹ̀ ló ti ń ti omi bọ̀. Òkun tó wà lẹ́bàá ilẹ̀ níbẹ̀ kò jìn nísàlẹ̀. Omi tí afẹ́fẹ́ ń tì kò ríbi sọ̀ kalẹ̀ sí, àfi kó gun ilẹ̀. Tó bá wá bọ́ sí àsìkò tí òkun kún, ó tún ga sí i.

Ní Bangladesh, níbi tí ìjì ọdún 1991 ti pa èèyàn bíi 138,000, orí òpó kọnkéré ni wọ́n ń kọ́ ilé ààbò lé, wọ́n á fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí omi lè gbabẹ̀ kọjá. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé ìwé lọ́jọ́ lásán. Wọ́n tún ń kó yẹ̀pẹ̀ jọ bí òkìtì gíga fún màlúù, torí àgbẹ̀ tí kò ríbi kó ẹran sí kò ní kúrò nílé. Lójú tèmi, òkìtì yẹn wúlò ju ìkìlọ̀ mélòó kan lórí rédíò.

Ẹ má gbàgbé àárín ìjì náà. Tó bá dé orí ìlú, gbogbo rẹ̀ á pa rọ́rọ́, àwọn èèyàn á jáde wá wo òrùlé. Kò ní pẹ́ tí afẹ́fẹ́ á fi padà láti òdìkejì, tòun ti páànù tó ti já sílẹ̀.

Irú ìjì yìí kì í jà ní Èkó. Ara ìdí rẹ̀ ni pé a sún mọ́ agbedeméjì ayé jù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà ní Houston àti Florida, àwọn òbí wọn sì ń ka ìwé ìròyìn yín. Ẹ fi gíga omi tí wọ́n ń retí kún ìròyìn, ní mítà, pẹ̀lú wákàtí tí òkun máa kún àti agbègbè tí wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò. Lẹ́tà ni Florida fi ń pe agbègbè bẹ́ẹ̀, A ló sì máa ń kọ́kọ́ kúrò. Òbí tó bá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù á lè bi í pé, "Ṣé A lo wà àbí C?"

Òǹkàwé yín,
Èkó