Ẹ gba switch yín padà, ẹ dá owó mi padà

Ìkọ̀lé-Èkìtì

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọjà tí mo rà wà nínú ìwé yín, mi ò ní máa tún un tò. Lẹ́tà kẹta tí mo máa kọ rèé. Ẹ ò fèsì méjì àkọ́kọ́.

Kí n tó sanwó ni mo ti sọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi switch náà, àpótí tí àwọn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pàdé, ṣe. Mo ní Dante, ètò tó ń gbé ohùn gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, la fi ń gbé ohùn láti orí pẹpẹ dé ìdí míkísà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ní mo fẹ́ èyí tí mo lè pa EEE rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń dín iná tó ń lò kù, tí mo sì lè tò kí àmì aago tó ń mú kí àwọn ẹ̀rọ bára mu máa ṣíwájú, kí ohùn tẹ̀lé e. Nọ́ńbà DSCP ló ń sọ fún switch èyí tó máa ṣíwájú: 56 ni ti aago, 46 ni ti ohùn. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Ó wà níbẹ̀, Mà, ẹ fọkàn balẹ̀." Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ kò níbi tí èèyàn lè wọlé sí láti tò ó rárá. EEE ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kò ṣeé pa. Bí ohun tó ń gba wáyà kọjá bá ti dínkù díẹ̀, á tòògbé kó lè ṣọ́ iná lò. Kó tó jí, aago àwọn ẹ̀rọ wa ò bára mu mọ́. Àárín orin ìyìn gan-an ni ohùn akọrin ń gé.

Ìyẹn ì bá tán lọ́jọ́ kan. Ẹ̀ka yín ní Adó ní kí n lọ sí ti Àkúrẹ́. Mo wọkọ̀ dé Àkúrẹ́, wọ́n ní Adó ló tà á fún mi, kí n padà síbẹ̀. Nígbà tí mo pe fóònù, ọmọ yín sọ fún mi pé, "Màmá, gbogbo switch gigabit, ọ̀kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ọkùnrin pè wá, bóyá á yé òun."

Ọdún 16 ni mo ti wà nídìí míkísà. Èmi ni mo fa gbogbo wáyà Cat6 inú gbọ̀ngàn wa, tí mo wọ̀n ọ́n kí ìkankan má kọjá 100 mítà. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ẹ tún ní onímọ̀ ẹ̀rọ yín ń bọ̀ lỌ́jọ́bọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀, mo jókòó dìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó wá, kò sẹ́ni tó pè.

Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún mi láyè láti dá ọjà padà bí kò bá bá iṣẹ́ tí mo ti sọ fún ẹni tó tà á mu. Ẹ wá gbé e láàárín ọjọ́ 7, ẹ dá owó mi pé, kí ọmọ tó ní kí ọmọ mi ọkùnrin pè yín sì fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni mo ń kó gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ wa lọ bá. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, ní Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì, ló ń bi mí ibi tí wọ́n ti máa ra tiwọn. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.

Èmi ni,
Alábòójútó ẹ̀rọ ohùn