Iṣẹ́ tí parkin ń ṣe kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ má bàa kú

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí Parkinson, àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì ń mú ẹsẹ̀ wúwo. Ẹ kú iṣẹ́. Ibì kan ni mi ò ti lè dákẹ́: ẹ ní àrùn ọjọ́ ogbó ni, ẹ sì fi í mọ síbẹ̀. Lóòótọ́, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe àwọn tí kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, àwọn yìí gan-an sì làwọn èèyàn máa ń sọ pé ọwọ́ ayé ló bà wọ́n.

Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì ṣàwárí jíìnì kan (ìtọ́ni àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) nínú àwọn ẹbí tí àrùn yìí ti ń mú ọ̀dọ́. Purotéènì tí jíìnì náà ń ṣe ni wọ́n sọ ní parkin. Ọmọ tó bá jogún jíìnì náà tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá kò ní ní parkin tó ń ṣiṣẹ́, bí ara àwọn òbí méjèèjì tilẹ̀ dá ṣáṣá.

Mitokọ́ńdíríà ló ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì, bíi jẹnẹrétọ̀. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, purotéènì PINK1 á kóra jọ sí i lára, á pe parkin wá, parkin á sì lẹ àmì mọ́ ọn kí sẹ́ẹ̀lì lè kó o dànù. Èyí lẹ máa rí kà níbi púpọ̀. Ohun tó kù ló gba àfiyèsí mi jù. Ara ti fi í sínú sẹ́ẹ̀lì pé kí ó pa ara rẹ̀ bí ìbàjẹ́ bá pọ̀ jù, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ tí kò kú lè di jẹjẹrẹ. Purotéènì kan tó ń jẹ́ BAK, tó wà lára mitokọ́ńdíríà, ló máa ń dá ihò sí i. Ohun tó wà nínú á tú síta, ikú sẹ́ẹ̀lì náà á sì bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Walter and Eliza Hall ní Melbourne fi hàn pé parkin ń lẹ àmì mọ́ BAK pẹ̀lú, tí kò fi ní lè dá ihò náà. Sẹ́ẹ̀lì á ráyè tún inú ara rẹ̀ ṣe, kò sì ní kú. Inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú ní ilé ìwádìí ni wọ́n ti rí èyí o; kò tíì di oògùn.

Bí parkin kò bá sí, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń ṣe dopamine, èyí tí a fi ń darí ìrìn àti ọwọ́ wa, ló ń forí fá a jù. Levodopa, oògùn tí dókítà ń fúnni (ó wà nínú èso wèrèpè oko wa náà) ń dí àlàfo dopamine tó sọnù, ṣùgbọ́n kò dá ikú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn dúró. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí lórí parkin fi jẹ mí lógún.

Ní 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé lóko kéde ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì GBA1, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, tó sì ń mú ewu Parkinson pọ̀ sí i. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fọ́ pàǹtí rẹ̀ ni iṣẹ́ jíìnì yìí wà, ibẹ̀ náà sì ni mitokọ́ńdíríà tí parkin bá sàmì sí ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn, kí wọ́n ṣàlàyé fún wa ní Yorùbá nínú abala ìlera yín, kí ẹbí tí ọwọ́ ọmọ wọn ń gbọ̀n lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ bàọ́lọ́jì, Òṣogbo